Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Kọ́bọ̀ àti Ṣílè Àtijọ́ Nílé Tí Kò Fi Ní Bàjẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ́ìnì àtijọ́ nílé, mi ò sọ pé àpótí ńlá o, kó kàn jẹ́ ogún ẹyọ, ọgọ́rùn-ún ẹyọ, èyí tí màmá àgbà fi sílẹ̀ tàbí èyí tẹ́ ẹ ń rà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́, ibo lẹ kó wọn sí báyìí? Èyí tí mo máa ń rí jù ni agolo mílíìkì, náílọ̀n dúdú tí wọ́n ta ní kókó, tàbí dúrọ́ọ̀ tí kọ́ìnì, kọ́kọ́rọ́ tí ò ní àgádágodo mọ́ àti bátìrì tó ti ń sunmi jọ wà pọ̀. Owó tó ti wà láti ayé Ọba George Karùn-ún, tí wọ́n ná lọ́jà, tí wọ́n fi san owó orí, ló ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa gbà á là ò wọ́n rárá.

Kọ́ìnì kì í ṣàdédé bàjẹ́ torí pé ó ti pẹ́. Ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, àti òógùn ọwọ́, àti ike tí ò dáa, àti fífọ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé àwa fúnra wa la ń gbé mẹ́ta wá nínú mẹ́rin yẹn. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, bí a ṣe máa lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà sí i ni.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ síta kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ní. Orí tábìlì ni o, ẹ tẹ́ táwẹ́lì tó mọ́ tó sì gbẹ sórí ẹ̀, torí kọ́ìnì tó bá já bọ́ sórí táìlì máa fara pa létí, àpá yẹn ò sì ní lọ mọ́ láéláé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún kó gbẹ pátápátá, ẹ má sì fi ìpara pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Etí ni kẹ́ ẹ ti máa mú kọ́ìnì, àtàǹpàkò lápá kan, ìka kejì lápá kejì, ẹ má te ìka mọ́ ojú ẹ̀ rárá. Iyọ̀ àti ọ̀rá wà nínú òógùn wa, ẹ lè má rí nǹkan kan lónìí, àmọ́ tó bá ti ṣe díẹ̀, ojú ìka yín máa hàn lórí ẹ̀ ní dúdú, gbogbo ìlà ìka yẹn pátá, pàápàá tó bá jẹ́ bàbà, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa mú un kúrò láìṣe owó yẹn léṣe. Ẹ má tún máa sọ̀rọ̀ lé e lórí, itọ́ tó bá ta sí i lára máa ń di àmì dúdú wínníwínní. Àwọn kan máa ń wọ gílọ́ọ̀sì, kò burú, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò tí ò ní páúdà nínú ló dáa jù, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń mú kí kọ́ìnì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má tíì wo ọdún o, ohun tí wọ́n fi rọ wọ́n ni kẹ́ ẹ fi yà wọ́n, torí ohun tó ń ba fàdákà jẹ́ kọ́ ló ń ba irin jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fàdákà. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board (àjọ tó ń ṣètò owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì) sílẹ̀ ní London, tó fi di 1913 owó tiwa tí wọ́n kọ British West Africa sí lára ti ń jáde, tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta), sísì (pẹ́nì mẹ́fà), ṣílè àti ṣílè méjì, fàdákà gidi sì ni gbogbo ẹ̀, ìdá 92.5 nínú 100. Látọdún 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ pupa rúsúrúsú rọ́pò fàdákà yẹn. Igi ọ̀pẹ yẹn náà ló wà lára ṣílè ti tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun, orí ọba kan náà ló sì wà lẹ́yìn wọn, torí náà èèyàn lè dà wọ́n pọ̀ tí wọ́n bá ti dúdú. Ẹ wo ọdún ẹ̀ àti àwọ̀ etí ẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti máa ń ha á. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á wò o, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn oníhò ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn wa, ìyẹn onínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́nì), eépìnnì (ààbọ̀ pẹ́nì) àti kọ́bọ̀ tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà (pẹ́nì ayé Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, kì í ṣe kọ́bọ̀ ti náírà). Onínì àkọ́kọ́, ti 1907 àti apá kan 1908, alumíníọ́mù ni, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, tí iyọ̀ bá fi kàn án ó máa jẹ ẹ́ di ihò wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní èyí, tiẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi sọ́tọ̀. Àwọn tó kù níbẹ̀ bàbà pọ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni, ìyẹn le dáadáa, àmọ́ nígbà tó di àwọn ọdún 1950 wọ́n yí kọ́bọ̀ padà sí bàbà pupa, bàbà pupa ló sì máa ń tètè gba ọ̀rinrin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn owó oníhò yìí ni wọ́n fi okùn so pọ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń gbé e kiri nìyẹn, ẹ̀ẹ́ sì bá okùn yẹn lára wọn títí dòní. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ má fà á o, torí okùn tó ń gba òógùn àti omi mọ́ra láti ọdún gbọ́nhan ló ń jẹ inú ihò yẹn. Tó bá jẹ́ ohun ìrántí ni okùn náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó gé e, kẹ́ ẹ wá tọ́jú okùn náà síbòmíì.

Ìgbà tó di 1959 ni owó tí wọ́n kọ Federation of Nigeria sí jáde, tó ní orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth, lẹ́yìn náà ni náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1973. Kọ́bọ̀ 1973 yìí, kọ́bọ̀ kan àti ààbọ̀ kọ́bọ̀ jẹ́ bàbà pupa, kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ bàbà pọ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ti 1991. Irin ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, wọ́n kàn fi bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì bò ó lára ni. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ sún un mọ́ kọ́bọ̀ kan ti 1973, kò ní ṣe nǹkan kan, ẹ sún un mọ́ ti 1991, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́ẹ́. Náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay ti 1991 náà máa lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo èyí tó bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ ko wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí bí ohun tí wọ́n fi bò ó bá ti ṣí díẹ̀ létí, omi máa gba ibẹ̀ wọlé, irin inú ẹ̀ á sì dípẹtà látinú wá síta, ìpẹtà pupa yẹn á wá ràn mọ́ èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ike ló kàn báyìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí torí òun ló ń ba owó àwọn tó rò pé àwọn ń tọ́jú nǹkan jẹ́. Oríṣi ike kan wà tí wọ́n ń pè ní PVC. Ó rọ̀, ó ń dán, ó máa ń rùn bí bọ́ọ̀lù tuntun tàbí bí aṣọ tábìlì onírọ́bà, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ álúbọ́ọ̀mù fọ́tò àtijọ́ àti àpò káàdì. Tí ooru bá ń mú un, tí ilé wa sì máa ń gbóná, kẹ́míkà inú ẹ̀ máa ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀, á bọ́ sára owó, á wá di nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ bí oje igi. Ásíìdì wà nínú nǹkan yẹn o, ó ń jẹ ojú owó ni, tó bá ti pẹ́ lára ẹ̀ kò sí bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo ìdí ike náà, ẹ máa rí nọ́ńbà kan nínú ọfà onígun mẹ́ta. Nọ́ńbà 3 ni PVC, ẹ má lò ó. Nọ́ńbà 1, 2, 4 àti 5 ò ní wàhálà. Tí ò bá sí nọ́ńbà níbẹ̀, ọgbọ́n kan wà, àmọ́ ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí kọ́ìnì àti àwọn ọmọdé. Ẹ fi wáyà bàbà tí ò ní rọ́bà lára sínú iná títí á fi pọ́n, ẹ fi kan ike yẹn kó mú díẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ dá wáyà náà padà sínú iná. Tí iná yẹn bá di aláwọ̀ ewé roro, PVC ni. Ẹ má fa èéfín ẹ̀ símú.

Ohun tó dáa jù láti kó owó sí ni páálí pélébé kan tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì sí méjì, tó ní ojú ihò méjì tí ike mímọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ẹ máa fi kọ́ìnì sáàárín, ẹ máa ṣẹ́ ẹ pọ̀, ẹ máa fi sítépùlà kan án ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ẹ máa rí iwájú àti ẹ̀yìn owó láìfọwọ́ kàn án, ẹ sì tún ráàyè kọ nǹkan sára páálí. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ihò ló wà, ẹ wọn owó yín kẹ́ ẹ tó rà á, torí owó tó bá ń mì nínú ihò tó tóbi jù máa ń ha ara ẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kàn án tán, ẹ fi pláyà tẹ ẹ̀yìn pín-ìnnì sítépùlà náà kó lẹ̀ pẹlẹbẹ, nítorí etí ẹ̀ tó bá yọ síta ló máa ha owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lójú. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ owó jáde lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo pín-ìnnì yẹn tán, ẹ má fi agídí fà á ya.

Tẹ́ ẹ ò bá rí páálí yìí rà, kò yẹ kíyẹn dá yín dúró. Náílọ̀n kékeré tó ní síìpù lẹ́nu, irú èyí tí kẹ́míìsì fi ń di tábílẹ́ẹ̀tì fún èèyàn, polyethylene ni, ọ̀kan lára àwọn ike tí ò ní wàhálà, ó dáa. Tuntun ni kẹ́ ẹ lò o, kì í ṣe èyí tí oògùn ti wà nínú ẹ̀. Kọ́ìnì kan, náílọ̀n kan. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé péńpé kan, kẹ́ ẹ fi ìwé náà sínú náílọ̀n míì tó tóbi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó ti àkọ́kọ́ sínú ẹ̀, kí ìwé àti owó má bàa fara kanra. Ìwé ìròyìn ò dáa rárá, ásíìdì wà nínú ẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó náà ò dáa, sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) wà nínú ẹ̀, ó máa fi ìlà dúdú sára fàdákà. Sẹ́lótéèpù ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

Ó wá ku ọ̀rinrin, òun gan-an sì ni ọ̀tá. Ẹni tó ń gbé Èkó mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe máa ń jẹ páànù àti géètì, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń bọ́ sára kọ́bọ̀ yín. Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ò ní iyọ̀ òkun, àmọ́ láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù gan-an máa ń hu, ká má wá sọ bàbà. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni rọ́bà oúnjẹ tó ní ìdérí tó ń kán pa ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tó ní òrùka rọ́bà nínú ìdérí tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà, kí nọ́ńbà 5 wà nídìí ẹ̀. Kó jẹ́ tuntun, kó má ti gbé ọbẹ̀ rí. Àwọn kọ́ìnì tẹ́ ẹ ti dì lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa wọ inú ẹ̀, ẹ sì máa fi silica gel síbẹ̀. Silica gel ni àpò kékeré funfun tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun àti báàgì, tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ká má jẹ ẹ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ju àpò kan sínú dúrọ́ọ̀ lásán, wọ́n á ní àwọn ti lo silica gel. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá yín ń wọlé ń jáde nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àpò yẹn á ti mumi yó, kò wá wúlò mọ́. Inú nǹkan tó dé pa dáadáa nìkan ló ti wúlò. Èyí tẹ́ ẹ yọ nínú páálí bàtà pàápàá, ó ṣeé ṣe kó ti yó kó tó dé ọwọ́ yín, torí náà ẹ ra èyí tó ní àwọ̀, tó máa ń jẹ́ ọsàn tó bá gbẹ tó sì máa ń di aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó bá ti yó. Búlúù náà wà tó máa ń di píǹkì, àmọ́ kẹ́míkà tó ń fún un láwọ̀ yẹn ò dáa fún ara, ẹ mú ti ọsàn. Tó bá ti yó, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ da hóró ẹ̀ sínú páànù, ẹ gbé e sínú ófùn ní nǹkan bíi 120°C fún wákàtí méjì, àwọ̀ ẹ̀ máa padà. Ẹni tí ò ní ófùn lè gbé e sórí iná tó rẹlẹ̀ gan-an nínú ìkòkò tó gbẹ, kó máa rò ó, títí àwọ̀ á fi padà, ṣùgbọ́n kó má lo ìkòkò yẹn sè oúnjẹ mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìgò tó dé kẹ́ ẹ tó dá a padà sáàárín owó.

Hygrometer kékeré tó ń sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó ò wọ́n, ẹ fi ọ̀kan sínú rọ́bà yẹn. Kó máa wà lábẹ́ ìdá 50 nínú 100, tó bá lọ sí 40 ó tún dáa sí i fún bàbà àti irin.

Àsìkò tí ẹ máa dì wọ́n ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tẹ́ ẹ bá di owó sínú rọ́bà tó dé pa lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ọ̀rinrin yẹn lẹ tì mọ́lé pẹ̀lú owó. Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró dè, láti December sí January, tí ètè ń là, tí ilẹ̀kùn tó ń há látọjọ́ yìí wá ń ṣí fúnra ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn máa kíyè sí eruku ọyẹ́, àárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tútù nu tábìlì tán, tí wíńdò ṣì wà ní títì, ló dáa. Eruku tó bá bọ́ sójú owó, ẹ má fi ọwọ́ nù ún, ẹ lo bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku kúrò lára lẹ́ǹsì kámẹ́rà. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ o, mo ti sọ ti itọ́.

Ibo nínú ilé? Yàrá tí èèyàn ń sùn sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó jìnnà sí ògiri ìta àti ilẹ̀. Ilé ìdáná ò dáa torí ooru omi àti ẹyin àti àlùbọ́sà, sọ́fọ̀ inú wọn ló ń sọ fàdákà di dúdú. Yàrá tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ náà, èéfín ẹ̀ ní sọ́fọ̀ nínú, bí wíńdò yẹn bá wà ní ṣíṣí lálẹ́ ojoojúmọ́, fàdákà tó wà níta níbẹ̀ ò ní pẹ́ dúdú. Òkè àjà ò dáa, ibẹ̀ ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ṣì ń rùn, ẹ dúró kó gbẹ dáadáa fún oṣù mélòó kan. Kanfọ̀ tí a máa ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ó máa ń mú àwọn ike kan rọ̀. Tí ẹ bá ń lo AC, ẹ má gbé rọ́bà náà jáde kúrò nínú yàrá tútù kẹ́ ẹ sì ṣí i lójú ẹsẹ̀ níta, omi máa là sára owó bó ṣe máa ń là sára ìgò mínírà, ẹ jẹ́ kó wà ní dídé fún wákàtí kan sí méjì kó kọ́kọ́ móoru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, wàhálà tiyín ni ògiri tó máa ń sunmi ní ìgbà òtútù àti òkè àjà tí kò gba hítà, inú ilé gan-an ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ fífọ̀. Mo bẹ̀ yín gan-an ni. Bí ẹnì kan bá ti rí kọ́bọ̀ dúdú, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, Brasso, páàsítì, kóòkì. Gbogbo wọn máa jẹ́ kó tàn, wọ́n á sì bó awọ ara ẹ̀ lọ. Àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára bàbà, awọ tó ń dáàbò bò ó nìyẹn, ọdún lọ́dún ló fi hù ú, àwọn tó mọ owó yìí á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn ò sì ní san ìdajì owó tí wọn ì bá san.

Ẹ wo ohun tí èèyàn lè pàdánù. Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò kan ti 1936. Yíká ihò yẹn lórúkọ ọba wà. Tó bá jẹ́ EDWARDVS VIII lẹ kà níbẹ̀, owó ọba tí wọn ò dé ládé rí ni, torí Edward Kẹjọ fi orí oyè sílẹ̀ ní December 1936 láìtíì pé ọdún kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, owó tó ní orúkọ ẹ̀ ò tíì jáde fún ará ìlú nígbà tó lọ, àmọ́ tiwa ti jáde torí owó oníhò ò ní àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ wá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wá lẹ́tà kékeré kan lára ẹ̀. H túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́, KN ni King's Norton, tí kò bá sí lẹ́tà kankan, Royal Mint ní London ni. Lẹ́tà yẹn ò ju hóró iyanrìn lọ, ó kàn yọ sókè díẹ̀ ni. Eérú àti Brasso lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti fẹ́ pa rẹ́, ìtàn owó yẹn náà sì bá a lọ.

Tó bá jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ lára ẹ̀ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú ẹ̀ kúrò) nínú ife gíláàsì di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e sórí tíṣù kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan fá a. Ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ ti máa ra omi yìí, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ omi bátìrì, ásíìdì lẹlòmíì máa tà fún yín, èyí tí wọ́n kọ distilled water sí gbangba lára ẹ̀ lẹ fẹ́. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ tí mo sọ lórí ọ̀rọ̀ PVC, acetone gidi, omi kẹ́míkà kan tó ń yọ́ nǹkan, ló ń yọ ọ́, kì í ṣe omi tí wọ́n fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ìyẹn ti ní òróró àti lọ́fínńdà nínú. Ẹ da díẹ̀ sínú ife gíláàsì, ẹ gbé owó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ yọ ọ́, ẹ tún gbé e sínú òmíràn tó mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Acetone máa ń gbiná kíákíá o, kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là, sítóòfù tàbí sìgá nítòsí, kí wíńdò ṣí sílẹ̀.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀tù aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ lójú kan lára bàbà, tó rí bí ẹfun, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tó tún padà wá, iyọ̀ ló ti wọ inú bàbà yẹn, ọ̀rinrin ló sì ń jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i, kó ní rọ́bà tiẹ̀ àti silica gel tiẹ̀. Tó bá gbẹ dáadáa, ó máa dúró níbi tó dé.

Ẹni tó bá ní owó ẹyọ pọ̀ mọ́ kọ́ìnì, kó yà wọ́n o. Ìkarawun òkun ni owó ẹyọ, ásíìdì tó ń jáde lára pákó àti páálí máa ń jẹ ẹ́, ẹ̀tù funfun á wá máa hù lára ẹ̀, dídán ẹ̀ á sì lọ. Inú ike nọ́ńbà 5 ló ti máa pẹ́, kì í ṣe àpótí pákó, bó ti wù kí àpótí náà rẹwà tó.

Ẹ ra ìwé nóòtì kan. Owó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ọdún, lẹ́tà tó wà lára ẹ̀, bó ṣe wúwo tó, ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti ẹni tó fún yín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ṣílè tí bàbá bàbá yín gbà níbi tó ti ta kòkó, tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kẹ́ ẹ má lo fíláàṣì, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́tò yẹn síbòmíì yàtọ̀ sórí fóònù yín. Ẹ má máa gbé e sí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ àdúgbò yín, kẹ́ ẹ má sì máa kó o han gbogbo àlejò. Àmọ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ ibi tó wà àti ohun tó jẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó irú owó yìí fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kiri àdúgbò lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fi síkéèlì wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ìkòkò tó ti lu. Tẹ́ ẹ bá ní séèfù tí iná ò lè jó, ó dáa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kún ògiri irú séèfù bẹ́ẹ̀ máa ń ní omi nínú, ó sì máa ń tú ọ̀rinrin sílẹ̀, torí náà inú rọ́bà tó dé pa yẹn náà lowó máa wà kó tó wọ séèfù. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè tó ni o, onínì rọrùn láti gbé mì.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ wo hygrometer àti àwọ̀ silica gel láìṣí ìdérí, torí ẹ ti lè rí i láti ìta tí rọ́bà náà bá mọ́ gaara. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ silica gel yín tuntun. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo kọ̀ọ̀kan sí fọ́tò ẹ̀, àwọn onírin ti 1991 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò létí, lẹ́yìn náà bàbà pupa, fàdákà ló máa kẹ́yìn. Èyí tí nǹkan bá ti yí padà lára ẹ̀, ẹ gbé e sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú nóòtì. Tí mọ̀lẹ́bí kan bá sì ń bọ̀ láti London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ ní kó bá yín mú páálí olójú yẹn bọ̀, ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ò gba àyè nínú báàgì, ẹ kàn má gbàgbé láti fi ìwọ̀n ihò tẹ́ ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí i kó tó lọ rà á.